Ọrun Tí Eila Lè Fà

Agogo kékeré tó wà lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Orrin dún bí Eila Tuomela ṣe tì í wọlé, àwọn ọkùnrin tó jókòó yí ààrò irin ká sì gbójú sókè. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń wò. Bàbá rẹ̀, Reino, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ni wọ́n tẹjú mọ́, àti apá ọ̀tún rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ẹ̀ka igi tí ìjì ṣẹ́ tí kò já.

"Reino!" Orrin pariwo láti ẹ̀yìn káńtà rẹ̀. "Wọ́n ní o ti di ọlọ́wọ́ kan."

"Ọwọ́ kan náà tó láti fi fọ́ ọ létí," Reino dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Nígbà òtútù tó kọjá ni ìtì igi kan yí bọ́ láti orí ọkọ̀ agbégi, tó bá èjìká yẹn. Àwọn dókítà tò ó, wọ́n dè é, egungun jinná, ṣùgbọ́n apá kò gòkè kọjá àyà mọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá gòkè kọjá àyà, ó ti bá ọrun fífà dágbére.

Ohun tó gbé Eila wá nìyẹn. Òun ló fẹ́ ra ọrun, òun tí kò ta ọfà rí láyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ igbó Màmá Lahti ni. Opó arúgbó ni Màmá Lahti, igbó tó wà lẹ́yìn oko rẹ̀ sì ni Reino ti ń dẹ àgbọ̀nrín láti ìgbà tí Eila ti wà ní ìkókó. Ìdílé kan ṣoṣo ni màmá náà máa ń gbà láyè lọ́dọọdún. Kò gba ìbọn, nítorí ọta ìbọn ọdẹ kan ló pa abo ẹṣin rẹ̀. Kò gba àkàtànpó pẹ̀lú. Ó ní ìbọn ni, ó kàn fi ọsán, okùn ọrun, bojú ni. Ọrun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà nìkan ló gbà. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn ṣáájú ìgbà ọdẹ ọlọ́fà tó parí, ẹni tó bá fẹ́ igbó náà yóò wá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ń kó koríko nínú àgbàlá rẹ̀, yóò sì ta ọfà sí àwo páànù tí wọ́n fi ń yan páì, tí ó gbé kọ́ sí ìdí igi ápù. Ọfà kan ṣoṣo. Bó bá kan àwo, igbó di tìrẹ títí yìnyín yóò fi bolẹ̀. Bí kò bá kàn án, ó dọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún yìí, ọkùnrin kan ti wá láti Detroit, ó ti bẹ màmá náà, ó sì ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù náà. Ọfà tirẹ̀ bá àárín àwo gan-an. Ni Màmá Lahti bá ránṣẹ́ sí Reino pé ẹ̀yin lẹ ṣáájú, àmọ́ bí ọfà Tuomela kankan kò bá kan àwo mi kí ọjọ́ Ìsinmi tó lọ, mo máa fún ọkùnrin náà ní kọ́kọ́rọ́.

Reino kò lọ́mọkùnrin. Eila ló ní, Eila tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìdáná àwọn arúgbó láàárín ìlú, tí ọkàn rẹ̀ máa ń rìn lọ jìnnà bó bá ń bó ọ̀dùnkún, tí wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Láti ìgbà tí apá bàbá rẹ̀ ti bàjẹ́, ojú fèrèsé tó dojú kọ igbó yẹn ni Reino máa ń jókòó sí. Kì í kàwé, kì í gbọ́ rédíò. Bí Eila bá gbé oúnjẹ wá, á ní "O ṣeun," ọ̀rọ̀ parí. Ó dà bíi pé ọkùnrin náà ń tú jáde lára díẹ̀díẹ̀, bí èéfín tí ń gba ihò ilé jáde. Ẹ̀rù ń ba Eila pé bí igbó yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyókù á tú jáde.

"Èwo ni ká mú fún un?" Orrin bi wọ́n.

"Fún un ní ọgọ́ta," Reino dáhùn kí Eila tó lanu. Ìwọ̀n agbára ọrun ló ń sọ, bí ẹrù tí èèyàn máa fà ṣe wúwo tó. Àádọ́rin ni tirẹ̀, gbogbo ìlú ló sì mọ̀.

"Reino, apá ọmọ là ń wọ̀n, kì í ṣe ojú bàbá." Orrin ní kí Eila fẹ̀yìn ti ògiri, kó na apá méjèèjì. Ó wọn ín láti ìka dé ìka, ó kùn sínú imú, ó sì mú ọrun kan sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe irú ọrun inú ìtàn tí Eila ti ń fojú inú rí láti ọjọ́ yìí. Ọrun dúdú ni, ó kúrú, ó gan, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lókè rẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀, ọsán sì lọ́ mọ́ wọn lára. Orrin de ìkọ́ kan mọ́ ọrùn-ọwọ́ Eila, irú èyí tí í di ọsán mú títí ìka yóò fi tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan síwájú.

"Jókòó. Gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Fi ọrun kọjú sí ibi tí o fẹ́ ta, kí o sì fà á tààrà. Bí o bá lè fà á báyìí, wàá lè fà á lórí igi, nínú òtútù, tí àgbọ̀nrín ń wò ọ́. Bí o kò bá lè fà á báyìí, kì í ṣe tìrẹ nìyẹn."

Eila jókòó, ó gbé ẹsẹ̀, ó fà. Ọsán kò mira. Ó tún fà, ojú rẹ̀ pọ́n, àpótí ń mì lábẹ́ rẹ̀.

"Ó dà bí ẹni tó ń fa màlúù tí kò fẹ́ lọ," ni ẹnì kan wí láti ẹ̀gbẹ́ ààrò. Wilbert ni, ọkùnrin arúgbó tí kọfí kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. "Bá a nà án ní pàṣán, Orrin!"

Orrin yí nọ́ọ̀tì ọrun náà sílẹ̀, agbára rẹ̀ sì dín sí bí àádọ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí Eila na ọrun sókè sí àjà, ó fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ ọsán bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí Orrin fi ìka kan ti ọrun náà wálẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì pin lójú kan náà.

"Rárá o. Ẹni tó bá na ọrun sókè kó tó lè fà á, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ Ọlọ́run pé kó wá bá òun fà á. Bí ọwọ́ rẹ bá yọ̀ níbẹ̀, ta ló mọ ibi tí ọfà máa balẹ̀ sí?"

Ó tún yí i sílẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ogójì. Eila gbé ẹsẹ̀, ó kọjú ọrun sí pákó tó wà lógiri, ó fà. Ọsán bọ̀ wẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ kékeré méjèèjì yí, ìwúwo náà sì ṣàdédé fúyẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá gun òkè dórí. Ọsán fara kan ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀. Nǹkan kan parọ́rọ́ nínú rẹ̀. Fún ìwọ̀n èémí kan, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí Wilbert, òun àti ihò kékeré ara ọsán tó ń gbà wo iwájú nìkan ló kù.

"Má tẹ̀ ẹ́ o!" Ohùn Orrin le. "Kò sí ọfà níbẹ̀. Ọfà ló ń gbé agbára ọrun lọ. Bí o bá fi ọsán sílẹ̀ lófìfo, ọrun á fi agbára yẹn fọ́ ara rẹ̀ sí ọ lójú. Dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ó dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìmọ̀.

"Èyí ni tìrẹ," Orrin wí.

"Ogójì?" Reino kò pariwo, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Ogójì ni wọ́n fi ń ta bálùùn níbi àríyá àwọn ọmọdé."

"Bí abẹ ẹnu ọfà bá mú, ogójì á wọ ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀nrín kan, á jáde ní ìkejì. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ ohun tí mo mọ̀."

Wilbert mi orí rẹ̀ lórí kọfí. "Háà, ayé ń yí o. Reino Àádọ́rin ti di Reino Ogójì."

Ẹ̀rín sọ. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Irú ẹ̀rín tí wọ́n ti ń bá ara wọn rín láti ìgbà èwe ni. Ṣùgbọ́n Eila rí etí bàbá rẹ̀ tó pọ́n. Ó rí bó ṣe yíjú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ máa lọ sílé, sí ìdí fèrèsé rẹ̀.

"Ẹ yí i sókè," Eila wí.

Orrin wò ó. "Ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ ni, àbí bàbá rẹ?"

"Èmi ni. Ẹ gbé e lé àádọ́ta dáadáa. Ara mi á mọ́ ọn."

Irọ́ ni, Orrin sì mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà ni ọjà. Ó mú sípánà kékeré kan tó tẹ̀ bí ìkọ́, ó yí nọ́ọ̀tì òkè, ó yí ti ìsàlẹ̀. "Ẹ rántí o, òkè àti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba nígbà gbogbo. Ẹ mú sípánà yìí dání, n kò gbowó rẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó tún ojú ìwò tó wà lára ọrun náà ṣe kó lè bá agbára tuntun náà mu.

Wọ́n ra ìyókù. Ọfà díẹ̀ tí wọ́n gé mọ́ gígùn apá Eila, apó tí í so mọ́ ara ọrun, àti ẹnu ọfà abẹ nínú páálí kékeré tí Orrin ní kó má fi ọwọ́ lásán ṣí. Nígbà tí Orrin gbé bẹ́líìtì tí í so ọdẹ mọ́ igi lé káńtà, Reino yọ ṣùtì.

"N kò wọ irú èyí rí."

"Bẹ́ẹ̀ náà lo máa ń sọ nípa dídúró jìnnà sí ọkọ̀ agbégi," Orrin dáhùn.

Reino fi ọwọ́ òsì ti bẹ́líìtì náà mọ́ ìyókù ọjà. "Kó o mọ́ ọn," ó wí níkẹyìn.

Wilbert na ọwọ́ sí ìgò omi tí wọ́n fi ń pa òórùn èèyàn mọ́ ẹran nímú. "Ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ fọ́n ọn sára kóòtù Reino, kí àgbọ̀nrín má bàa kú kí ọfà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Lọ́nà ilé, Eila ló wa ọkọ̀ akẹ́rù náà. Ọrun wà lórí itan bàbá rẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ ra ọsán náà, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ bí àgbọ̀nrín ṣe ń gba ìdí odò sọ̀ kalẹ̀ bí ìrì bá pọ̀, ó ń sọ igi tí ègùn rẹ̀ wà, pèpéle tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn sáàárín ẹ̀ka tó ti ń ba de ẹran láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òtútù. Eila ń gbọ́, ọkàn rẹ̀ sì ń fò síwájú ọkọ̀: àwo páànù ń tàn nínú oòrùn, ọfà lọ, ó bá àárín, bàbá òun ń rẹ́rìn-ín. Nínú àlá bẹ́ẹ̀, apá kì í dun èèyàn.

Apá dùn ún. Lẹ́yìn abà wọn, wọ́n to ìdì koríko gbígbẹ lé ara wọn, ó sì ń ta ọfà sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti bó bá dé. Nígbà tó jẹ́ pé ìdúró ló wà, tí bàbá rẹ̀ sì máa ń kọjá sẹ́yìn rẹ̀ lọ to àwọn ọfà tó bá a fà yọ, ó rí ọgbọ́n kan dá. Bí Reino bá ti kẹ̀yìn, á na ọrun sókè, á wọ́ ọ bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ara, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á sì máa wo iwájú bí ẹni mímọ́. Ọfà ń bá ibi tó yẹ. Reino á yíjú padà, á rí ọsán lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. "Wò ó!" á wí. "Wò ó! Àádọ́ta! Kí Wilbert wá wo nǹkan."

Níbi iṣẹ́, Eila kò lè gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a dì í mú. Ó ní òun fi ọwọ́ kọ́ ni. Ó fẹ́ sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní àsìkò oúnjẹ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń fi ṣíbí ya àwòrán igbó Màmá Lahti sórí tábìlì fún un: odò rèé, igi rèé, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà rèé. Ó jẹ gbogbo oúnjẹ inú àwo rẹ̀, ó sì bu òmíràn. Báwo lèèyàn ṣe máa sọ ọ́?

Ọjọ́ Ìsinmi dé pẹ̀lú òtútù. Ìrì ti dì funfun lórí koríko àgbàlá Màmá Lahti, àwọn ápù tó ṣẹ́kù lórí igi sì dà bí èyí tí wọ́n fi dígí bò. Màmá náà jáde nínú kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú, kóòtù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Kò fi kọfí lọ̀ wọ́n. Ó ní kọfí wà lẹ́yìn ọfà.

"Ìwọ ni ọmọ tí bàbá rẹ máa ń gbé kọ́rùn," ó wí fún Eila.

"Èmi ni, Màmá."

"O ti wúwo díẹ̀. Jókòó síbẹ̀."

Eila gun orí kẹ̀kẹ́ ẹrù náà, ó jókòó sí etí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ dirodiro láìkan ilẹ̀. Ìdí igi ápù jìnnà ju ìdì koríko ẹ̀yìn abà wọn lọ díẹ̀. Àwo páànù wà níbẹ̀ níwájú koríko gbígbẹ, kékeré, ojú ọfà kan ti wà láàárín rẹ̀ tẹ́lẹ̀: ti ọkùnrin Detroit.

"O mọ òfin mi," Màmá Lahti wí. "Ọfà kan. Àgbọ̀nrín kì í dúró de ìkejì. O kò gbọdọ̀ dìde. Bí o bá na ọrun sókè, kí o máa lọ sílé. Ọfà ẹnì kan fò kọjá abà mi nígbà ayé ọkọ mi, àárín aṣọ tí mo sá ló balẹ̀ sí. Ẹ̀yìn aṣọ náà ni mo wà."

Eila wo bàbá rẹ̀. Reino dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù náà, ó gbé àgbọ̀n sókè, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tó ń dúró de ẹ̀bùn. Òun kò rí ewu kankan. Àádọ́ta lọmọ òun ń fà.

Eila fi ọfà sí ọsán. Ó so ìkọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ó kọjú ọrun sí àwo, ó fà.

Ọsán wá díẹ̀, ó dúró. Èjìká rẹ̀ tó ti ń ro ó láti ọjọ́ mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tì, kò sí ibi tí ẹ̀yìn lè gbára lé. Ọrun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀, bí ẹran tó mọ ọ̀nà ilé.

"Mo ń wò ọ́ o," Màmá Lahti wí.

Eila jẹ́ kí ọsán padà. Ó mí. Ó tún fà. Kò tilẹ̀ dé ibi tó dé lẹ́ẹ̀kan. Èémí rẹ̀ ń jáde funfun níwájú ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó rí àwo dáadáa. Ó jẹ́ kí ọsán padà.

"Fà á, Eila," bàbá rẹ̀ wí. "Òtútù ni. Fà á bí o ṣe ń fà á nílé."

Ó mọ̀ pé bí òun bá tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, agbára díẹ̀ tó kù á tán, igbó á sì lọ. Ó sì mọ ohun tí òun ní láti sọ, àti ẹni tí òun máa sọ ọ́ lójú rẹ̀.

"Nílé, sókè ni mo máa ń nà án, Bàbá. Nígbà tí ẹ bá kẹ̀yìn."

Adìyẹ kan ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn abà. Màmá Lahti wo bàbá, ó wo ọmọ, ó sì ki ọwọ́ sínú àpò kóòtù ńlá náà.

"Màmá," Eila wí, "ṣé mo lè yí ọrun yìí sílẹ̀?"

"Ọrun tìrẹ ni. Yí i bó ṣe wù ọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí o fi ọfà dán an wò. Ọ̀kan náà ni."

Ìyẹn ni pé ojú ìwò ara ọrun náà kò ní wúlò mọ́. Bí agbára bá dín kù, ọfà á máa ṣubú sísàlẹ̀ ibi tí wọ́n wò, kò sì sí ẹni tó lè sọ bó ṣe máa ṣubú tó. Eila mọ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sípánà wà lápò Reino. Eila na ọwọ́. Reino kò mira. Ó ń wo àwo páànù, eyín rẹ̀ ń lọ lórí ara wọn, etí rẹ̀ pọ́n bíi ti ọjọ́ ṣọ́ọ̀bù. Eila rò pé kò ní mú un jáde. Ó rò pé bàbá òun á kúkú jẹ́ kí igbó náà lọ.

Lẹ́yìn náà, Reino sún mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù náà. Ó gba ọrun, ó fi apá rẹ̀ tó bàjẹ́ há a mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ òsì yọ sípánà jáde.

"Òkè la ó kọ́kọ́ yí," ó wí. "Gbà. Mo ti dì í mú."

Eila yọ ọfà kúrò, ó tẹ̀ síwájú, ó yí nọ́ọ̀tì òkè. Irin náà tutù débi pé ó ń lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ó yí ti ìsàlẹ̀ bákan náà.

"Ó tó?" Reino béèrè.

"Ó kù."

Ó tún yí òkè, ó yí ìsàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń kà á lábẹ́ ètè kí méjèèjì lè dọ́gba. Eila gbóòórùn kóòtù rẹ̀, igi àti tábà.

"Ó ti tó báyìí," Eila wí.

Ó gba ọrun padà. Ó tún fi ọfà sí ọsán. "Níbo ni kí n máa wò, Bàbá? Ṣé etí òkè ni?"

Reino wo àwo, ó wo ọrun. Láti ìgbà tí Eila ti gbọ́n, kò sí ohun tó bi í nípa igbó tí kò fèsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"N kò mọ̀," ó wí. "N kò ta ogójì rí láyé mi."

Màmá Lahti fi imú rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Eila kò gbọ́ ọ mọ́. Ó gbé ọrun, ó kọjú rẹ̀ sí àwo tààrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì fà. Èjìká rẹ̀ kígbe. Ọsán ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ibi tó le jù, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó sì kọjá. Ọsán kan ètè rẹ̀.

Ó gbé ojú ìwò sí àárín àwo, síbi tí ọfà ọkùnrin Detroit ti lu. Rárá. Ó gbé e lọ sí etí òkè. Ìyẹn náà pọ̀ jù, bóyá. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, sáàárín méjèèjì. Apá rẹ̀ tún ti ń gbọ̀n. Bí òun bá dúró pẹ́, gbígbọ̀n náà á dé orí ọfà. Bí òun bá kánjú, òun á fi ìka já a. Ó jẹ́ kí èémí rẹ̀ jáde, kí èéfín rẹ̀ fò kọjá, kí àwo tún hàn kedere. Ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Kàn-án!

Àwo páànù náà ń yí lórí ìṣó rẹ̀, ó ń tàn, ó ń ṣókùnkùn, ó ń tàn. Kò sẹ́ni tó lè rí ibi tí ọfà wọlé. Ó lè jẹ́ pé ó kàn gbá etí rẹ̀ kọjá. Màmá Lahti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, kóòtù ńlá náà ń gbá ìrì. Reino di etí kẹ̀kẹ́ ẹrù náà mú. Eila rí i pé apá ọ̀tún ló fi dì í mú, èyí tó dùn ún, kò sì dà bíi pé ó mọ̀.

Màmá náà fi ọwọ́ dá àwo dúró. Ó tẹ̀ ba. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó wà nísàlẹ̀," ó pariwo padà.

Ó na ìka sí etí ìsàlẹ̀ àwo náà.

"Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ àgbọ̀nrín ni, ẹsẹ̀ lo ta yìí, á sì máa fi mẹ́ta sáré kiri igbó mi." Ó nàró, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. "Ṣùgbọ́n inú àwo ló wà. Àwo ni mo sọ, n kò sọ àárín àwo. Ọkùnrin Detroit á gbọ́ láti ẹnu mi."

Reino tú èémí jáde bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Eila bọ́ sílẹ̀.

"Mo máa tún ojú ìwò rẹ̀ ṣe, Màmá," ó wí nígbà tí arúgbó náà padà dé. "Tí kò bá wọ àárín nígbà gbogbo, n kò ní gun igi."

"Wàá wá fi hàn mí níbí kí o tó gùn ún. N kò gbọ́rọ̀ ẹnu lọ́dọ̀ ọdẹ." Ó fa kọ́kọ́rọ́ géètì jáde, èyí tó so mọ́ okùn pupa.

Reino na ọwọ́ òsì rẹ̀, bó ṣe ti ń nà án lọ́dọọdún. Màmá Lahti kọjá ọwọ́ náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Eila, ó sì wọlé lọ gbé kọfí kaná. Ọwọ́ Reino ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Ó wò ó, ó tì í bọ àpò, bí ẹni pé tábà ló ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn kọfí, wọ́n rìn lọ sí géètì láti lọ wo ègùn, bóyá òjò ti mú pákó rẹ̀ jẹrà. Àgádágodo ti dì nínú òtútù. Eila yí kọ́kọ́rọ́, kò yí. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo igi. Eila mí gbígbóná sójú ihò rẹ̀ títí ó fi ṣí.

Inú igbó dákẹ́. Ewé gbígbẹ pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ kan lè jí gbogbo ẹran tó wà níbẹ̀. Reino ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí sókè sódò.

"Yà sí ọ̀tún," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí wọ́n dé oríta kékeré kan. "Ọ̀nà yẹn ló yá jù."

Eila dúró. Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn ọrùn.

"Òórùn wa á ṣáájú wa dé ìdí odò, Bàbá. Òsì ló dáa."

Reino ti ìka bọ ẹnu, ó gbé e sókè láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

"Òótọ́ ni," ó wí, ó sì yà sí òsì tẹ̀lé e.